Ta Ló Ni Flag Yìí, Ọjọ́ Wo Ló sì Máa Kúrò? Ìrírí Mi Nídìí Feature Flag

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ikọ̀ èyíkéyìí tó bá ní feature flag (bọ́tìnnì tí a fi ń tan iṣẹ́ kan nínú áàpù tàbí pa á) nínú kóòdù wọn: ta ló ni ín, ọjọ́ wo ló sì máa kúrò ńbẹ̀? Bí wọ́n bá dáhùn pé "gbogbo wa la ni ín", tí wọn kò sì lè dá ọjọ́, mo ti mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀ lọ́nà. Iṣẹ́ tí à ń ṣe ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù níhìn-ín jẹ́ áàpù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, fún alájọ àti fún àwọn oní-POS. Owó ló wà nínú rẹ̀, owó olówó sì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi sílẹ̀, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìlíṣàn àti Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sí ibi tí ikọ̀ ti ju ẹyọ kan lọ.

Flag kò ju "bí" kan nínú kóòdù lọ: bí flag yìí bá tàn, gba ọ̀nà tuntun, bí ó bá kú, gba ọ̀nà àtijọ́. Agbára rẹ̀ ni pé ìdáhùn sí "bí" yẹn kò sí nínú kóòdù. Ìta ló wà, lórí ohun tí a ń pè ní sáfà flag, níbi tí a ti lè yí i padà láìgbé kóòdù mìíràn lọ sórí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ áàpù wa ṣe. Kóòdù lè dé orí sáfà lọ́jọ́ Ajé kó sùn síbẹ̀, kí a tan án fún òṣìṣẹ́ wa nìkan lọ́jọ́ Bọ̀, kí aráàlú tó rí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí nǹkan bá sì dàrú, a ó pa á lójú ẹsẹ̀.

Irú mẹ́rin ni mo pín wọn sí, torí pé ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba. Flag ìtúsílẹ̀ ni ti iṣẹ́ tuntun tí a kò tíì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ló yẹ kí ọ̀pọ̀ wọn lò láyé. Flag ìdánwò la fi ń wo èyí tí oníbàárà fẹ́ràn jù nínú ọ̀nà méjì. Ọjọ́ tí èsì bá jáde ló parí. Flag ìdádúró wà fún ọjọ́ ìṣòro: òun la fi ń dá apá kan dúró kí ìyókù lè máa lọ, irú bíi pípa SMS nígbà tí ọ̀nà SMS bá ń falẹ̀, kí owó sísan má bàa dúró dè é. Èyí lè wà títí, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni flag ẹ̀tọ́, èyí tó ń sọ pé ẹgbẹ́ tó san owó kan ló lè rí nǹkan kan. Ní tèmi, kò yẹ kó wà láàárín flag rárá. Ọ̀rọ̀ àdéhùn àti ìṣirò owó ni. Inú dátábéèsì ló yẹ kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ohun tí oníbàárà san. Bí ẹ bá kó o pọ̀ mọ́ ìyókù, ẹni tó bá ń gbá flag àtijọ́ dànù lọ́jọ́ kan yóò gbá ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ tó ti sanwó ọdún kan dànù mọ́ ọn.

Flag ìtúsílẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù, òun náà ló sì máa ń dẹrù. Kí a tó dá ọ̀kan, ohun tó yẹ kó wà lákọsílẹ̀ nìyí:

orúkọ: owosisan.risiti-tuntun
irú: ìtúsílẹ̀
ikọ̀: owó sísan
alábòójútó: ènìyàn kan pàtó, àti igbákejì rẹ̀
ìdáhùn bí a kò bá rí sáfà flag: pípa
ọjọ́ tí a dá a: 2025-09-01
ọjọ́ tí yóò kúrò: 2025-10-13
bí a bá pa á lẹ́yìn tó ti tàn: rìsíìtì àtijọ́ yóò padà, dátà kankan kò ní sọnù

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni mo fi ń mọ ẹni tó ti ronú jinlẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kún un kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ní ti alábòójútó, orúkọ ènìyàn ni a ń kọ, kì í ṣe orúkọ ikọ̀, torí ikọ̀ kì í gbé fóònù. Bí ẹni náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tó bọ́ sí ikọ̀ mìíràn, ọ̀kan lára ohun tí yóò fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kó tó lọ ni àwọn flag rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ flag náà ní òfin tirẹ̀. Ẹ fi orúkọ ikọ̀ ṣáájú, kí ẹni tó bá rí i lóru lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Ẹ sọ ọ́ ní ọ̀nà "ṣe", ẹ má sọ ọ́ ní ọ̀nà "má ṣe". Flag tó ń jẹ́ "ma-fi-sms-ranṣẹ", tí a wá pa, ṣé SMS ń lọ ni àbí kò lọ? Ẹni tó bá ń ronú ìyẹn ní agogo méjì òru yóò ṣì í ṣe. Òfin tó le jù nínú wọn ni pé a kì í lo orúkọ flag àtijọ́ fún iṣẹ́ tuntun láé.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2012. Wọ́n kọ kóòdù tuntun fún ètò tí wọ́n fi ń ra ìpín ìdókòwò tí wọ́n sì fi ń tà á, wọ́n wá fi flag àtijọ́ kan tan án. Iṣẹ́ tí flag yẹn ń tan tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ Power Peg. Wọ́n ti dẹ́kun lílò rẹ̀ láti 2003, ṣùgbọ́n kóòdù rẹ̀ kò kúrò lórí sáfà. Sáfà mẹ́jọ ni wọ́n ní. Méje ni kóòdù tuntun dé. Nígbà tí ọjà ṣí, tí flag tàn, méje ṣe iṣẹ́ tuntun, ẹ̀kẹjọ jí Power Peg dìde. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ó ti ṣe òwò tó lé ní mílíọ̀nù 4 lórí ìpín ilé iṣẹ́ 154, àdánù náà sì lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là. Ohun tó tún bà á jẹ́ sí i ni pé, nígbà tí wọ́n ń wá àtúnṣe, wọ́n yọ kóòdù tuntun kúrò lórí sáfà méje tó ń ṣe dáadáa. Flag ṣì tàn, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì gba ọ̀nà àtijọ́. Ìmẹ́lì 97 ni ètò wọn ti fi ránṣẹ́ kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń dárúkọ Power Peg pẹ̀lú àṣìṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n yàn ẹnikẹ́ni láti máa kà.

Ẹ wo bí ohun gbogbo tí mo ń sọ ṣe pé sínú rẹ̀: kóòdù àtijọ́ tí a kò kó, orúkọ tí a tún lò, sáfà kan tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, àti ìkìlọ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín.

Dev, staging, production

Àyíká mẹ́ta ni kóòdù ń gbà kọjá: dev, níbi tí a ti ń kọ ọ́; staging, níbi tí a ti ń dán an wò; production, èyí tí oníbàárà ń lò. Flag kan náà gbọ́dọ̀ wà ní àyíká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ipò rẹ̀ nìkan ló lè yàtọ̀. Àyíká kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tí sáfà fi ń béèrè ipò flag, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe kìíní ti ń wọlé: ẹnìkan ṣe ẹ̀dà fáìlì .env (ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà) láti production lọ sí staging, kò sì yí kọ́kọ́rọ́ padà. Láti ọjọ́ náà, staging ń tẹ̀lé production láìsí ẹni tó mọ̀. Àwọn olùdánwò yóò máa tan flag ní staging, ohunkóhun kò ní yí padà. Ohun tó ń wo èyí sàn ni pé kí sáfà, bó bá ṣe ń dìde, kọ orúkọ àyíká tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ sínú àkọsílẹ̀, kí ó sì kọ̀ láti dìde bí kò bá bá orúkọ àyíká tirẹ̀ mu.

Èkejì ni flag tí a dá ní staging tí a gbàgbé láti dá ní production. Kóòdù yóò dé ibẹ̀, yóò béèrè, kò ní rí flag kankan, yóò sì lo ìdáhùn inú ara rẹ̀ láìpariwo. Ikọ̀ yóò máa wò pé iṣẹ́ tuntun ti wà níta, kò sì sí níbì kankan. Ẹ fi ìdánwò kan sí CI, ètò tó ń fúnra rẹ̀ yẹ kóòdù wò kó tó wọlé: gbogbo orúkọ flag tó bá wà nínú kóòdù gbọ́dọ̀ wà ní àyíká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí a tó gba kóòdù náà wọlé.

Ẹ̀kẹta ló ń jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ibi, gbogbo flag ló ń tàn ní staging, torí pé olúkúlùkù fẹ́ rí iṣẹ́ tirẹ̀. Ní production, ìdajì wọn kú. Ìtumọ̀ èyí ni pé àkójọpọ̀ ipò tí oníbàárà ń lò lójoojúmọ́ ni ẹnikẹ́ni kò dán wò rí. Flag mẹ́wàá tó wà ní títàn tàbí pípa lè ṣe àkójọpọ̀ 1,024. Kò sí ikọ̀ tó lè dán gbogbo rẹ̀ wò, kò sì pọndandan. Méjì péré ló ṣe pàtàkì: ipò production bó ṣe wà lónìí, àti ipò production pẹ̀lú flag kan ṣoṣo tí a fẹ́ tàn. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ kan máa kó ipò flag production wá sí staging lóròòru. Ipò títàn àti pípa nìkan ni kó kó. Orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà kò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fẹ́ dán flag tirẹ̀ wò ní staging yóò tan án fún àkáǹtì ìdánwò tirẹ̀, kì í ṣe fún gbogbo ilé.

Ní ti ẹni tó láṣẹ: ní dev, ẹnikẹ́ni lè yí ohunkóhun. Ní staging, ikọ̀ tó ni flag náà. Ní production, ẹni méjì, ọ̀kan láti béèrè, ọ̀kan láti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n flag ìdádúró yàtọ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè fi í dá nǹkan dúró láìgba àṣẹ, kó wá ṣàlàyé lẹ́yìn náà. Bí owó bá ń jáde lọ́nà tí kò tọ́, a kò ní máa wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí i, tí iná kò sì sí ládùúgbò rẹ̀, tí fóònù rẹ̀ ti kú. Títan án padà ló nílò ẹni méjì.

Bí ẹ bá ń fi aago tan flag, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ń ka àsìkò ní UTC, àsìkò àjùmọ̀lò àgbáyé, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú. Flag tí a ní kó tàn ní 00:00 yóò tàn ní agogo kan òru níhìn-ín, ohun tí a sì kọ síta fún oníbàárà pé "láti ọ̀gànjọ́ òru" kò ní bá a mu.

Títan díẹ̀díẹ̀

Irinṣẹ́ flag kì í ṣẹ́ kèké láti mú ìdá 10 nínú 100. Yóò mú orúkọ flag, yóò so ó pọ̀ mọ́ nọ́ńbà oníbàárà, yóò fi ìṣirò kan sọ ọ́ di nọ́ńbà láàárín 1 sí 100. Unleash, ọ̀kan lára irinṣẹ́ flag, ń lo ìṣirò tó ń jẹ́ MurmurHash fún èyí. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 10 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ ló wọlé. Torí náà ẹni tó rí iṣẹ́ tuntun láàárọ̀ yóò tún rí i lálẹ́, bí a bá sì gbé e láti 10 lọ sí 25, àwọn ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Orúkọ flag tó wà nínú ìṣirò náà ló ń jẹ́ kí àwọn tí flag kan kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí kò bá sí níbẹ̀, àwọn kan náà ni yóò máa jìyà gbogbo àṣìṣe wa.

Nọ́ńbà ta ni ká wá lò? Fún áàpù àjọ àti alájẹṣẹ́kù, nọ́ńbà ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti ọmọ ẹgbẹ́. Bí akápò bá ń rí ojú ìwé tuntun tó pín èrè sí ọ̀tọ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń rí ti àtijọ́ tó ròpọ̀ mọ́ owó tí wọ́n dá, ìjà ni yóò dá sílẹ̀ ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Wọn kò ní pe àwa tó kọ áàpù. Akápò ni wọn yóò pè ní olè. Ohun tí ẹgbẹ́ kan jọ ń wò gbọ́dọ̀ rí bákan náà lójú gbogbo wọn. Bákan náà, ẹni tí kò tíì wọlé sí àkáǹtì rẹ̀ ní nọ́ńbà tí áàpù fún fóònù náà (kì í ṣe èyí tí a fi ń pè é), tó bá wọlé ó gba nọ́ńbà mìíràn. Ojú ìwé lè yí padà mọ́ ọn lójú. Fún ohun tó wà ṣáájú ìwọlé, ẹ lo nọ́ńbà tí áàpù fún fóònù náà látòkè délẹ̀.

Ìwé àwọn òyìnbó máa ń sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 1 nínú 100. Ó dára fún ẹni tó ní mílíọ̀nù oníbàárà. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ 300, ìdá 1 kò ju ẹgbẹ́ mẹ́ta lọ, bó bá sì jẹ́ pé òpin oṣù nìkan ni wọ́n ń lo ohun tí ẹ ń dán wò, ẹ lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìrí ohunkóhun. Ẹ̀rù kò bà mí láti bẹ̀rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ wa, kí n lọ sí ẹgbẹ́ márùn-ún tó gbà tìfẹ́tìfẹ́, lẹ́yìn náà ìdá 10, 30, 60, 100. Kò sí ìgbésẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kọjá láìjẹ́ pé a ti rí òpin oṣù kan, ó kéré tán, nínú rẹ̀ fún ohun tó bá kan ìṣirò èrè àti gbèsè.

Láàárín ikọ̀ àti ikọ̀

Ìbéèrè kan láti fi owó ránṣẹ́ lè gba ọwọ́ ikọ̀ mẹ́ta: ti áàpù, ti ìwé owó, ti SMS. Bí kálukú bá ń béèrè flag kan náà fúnra rẹ̀, wọn kì í gbọ́ ìyípadà pọ̀. Sáfà tó ń lo Unleash máa ń béèrè ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ síra wọn bí a kò bá yí i padà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, áàpù lè fi owó iṣẹ́ tuntun han oníbàárà, kí ìwé owó yọ ti àtijọ́, kí SMS sọ òmíràn. Kọ́bọ̀ díẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà lè jẹ́. Ìjẹ̀bú kì í fi kọ́bọ̀ ṣeré. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ wé ti áàpù yóò rí i. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ẹni tó kọ́kọ́ gba ìbéèrè náà lẹ́nu ọ̀nà béèrè flag lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó kọ ìdáhùn mọ́ ìbéèrè náà, kí àwọn tó kù tẹ̀lé ohun tó kọ.

Ohun tó bá pẹ́ ju ìbéèrè kan lọ tún fẹ́ ìtọ́jú ju èyí lọ. Ẹ̀yáwó oṣù mẹ́wàá tí a ṣírò èlé rẹ̀ ní ọ̀nà tuntun lóṣù kìíní kò gbọ́dọ̀ tún máa béèrè flag lóṣù kejì. Ẹ kọ ẹ̀dà ìṣirò náà mọ́ ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí a yá a. Flag ń pinnu ọ̀nà tí ẹ̀yáwó tuntun yóò gbà. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan bá èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ sọ.

Pípa flag kì í dá dátà padà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá gbàgbé gbogbo ìyókù rántí èyí. Ẹ jẹ́ ká ní a ń kọ iye owó ní náírà, a wá fẹ́ máa kọ ọ́ ní kọ́bọ̀ kí ìdá náírà má bàa sọnù nínú ìṣirò. Bí ikọ̀ bá lo kọ́lọ́mù kan náà, tí flag sì tàn, ₦5,000 yóò di 500000 níbẹ̀. Bí a bá rí àṣìṣe tí a sì pa flag, kóòdù àtijọ́ yóò ka 500000 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Pípa tí a rò pé yóò gbà wá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ gùn, ṣùgbọ́n ó dáni lójú. Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́lọ́mù tuntun kún dátábéèsì, òfìfo, láìsí flag kankan níbẹ̀. Flag kìíní, ti kíkọ, yóò mú kí kóòdù máa kọ sí kọ́lọ́mù méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ kún àwọn ìlà àtijọ́, díẹ̀díẹ̀, bíi ìlà 1,000 lẹ́ẹ̀kan, kí dátábéèsì má bàa dúró mọ́ àwọn tó ń sanwó lọ́wọ́. Ẹ fi méjèèjì wéra; ìlà kan tí kò bá mu ti tó láti dúró. Ìgbà náà ni flag kejì, ti kíkà, yóò máa tàn ní ìdá díẹ̀díẹ̀. Títí dé ibí, ẹ lè pa á nígbà tó bá wù yín, ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá dẹ́kun kíkọ sí kọ́lọ́mù àtijọ́ ni ọ̀nà àbọ̀ ti dí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ flag náà pé láti ọjọ́ yìí, pípa rẹ̀ léwu. Yíyọ kọ́lọ́mù àtijọ́ kúrò ló gbẹ̀yìn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn èyí.

Fóònù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹni tó bá ń lo áàpù nínú oko lápá Ìjẹ̀bú-Igbó lè lo ọjọ́ kan láìrí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ipò flag tó gbà kẹ́yìn pamọ́, kó sì lò ó, dípò kó máa dúró de sáfà nígbà tí ojú ìwé bá ṣí. Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi áàpù sórí fóònù nìkan ló yẹ kó lo ìdáhùn inú kóòdù.

Ìdáhùn inú kóòdù yìí ń dalẹ̀. Lọ́jọ́ tí a dá flag, "pípa" ló tọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù kan tí ó ti tàn fún gbogbo ènìyàn, bí sáfà flag bá ṣubú tí sáfà wa sì tún dìde láìrí i bi, gbogbo oníbàárà yóò padà sí ọ̀nà àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú mọ́. Bí flag bá ti dé ìdá 100, tí kò sì tíì ṣeé yọ, ẹ yí ìdáhùn inú kóòdù sí "títàn" lọ́sẹ̀ náà. Kí ẹ sì máa dí ọ̀nà sáfà flag ní staging lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ tún gbogbo sáfà tàn, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ní ti flag ìdádúró, ìgbà tí ìlú bá kún ni a ń mọ iyì rẹ̀. Ọjọ́ kẹta Ìléyá ni Ojúde Ọba. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń sanwó aṣọ, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń wọlé láti ibi gbogbo, ojú POS kò sì gbẹ. A kì í gbé ìdá flag kankan sókè láti ọ̀sẹ̀ yẹn títí ọdún yóò fi kọjá. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó dán flag ìdádúró wò lọ́kọ̀ọ̀kan ní staging, a ó sì tẹ orúkọ wọn sórí bébà ní bí a ó ṣe máa pa iṣẹ́ tẹ̀léra: fífi ìwé àkáǹtì oṣù ránṣẹ́ ni àkọ́kọ́, àwòrán ìpolówó tẹ̀lé e, SMS fún owó kékeré ni ẹ̀kẹta. Fífi owó ránṣẹ́ àti gbígba owó kò sí lórí ìwé náà rárá.

Flag ìdádúró tí kò sí lójú ọ̀nà ibi tí ìṣòro ti wá kò wúlò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2025, Google Cloud, àwọn sáfà tí Google ń yá àwọn ilé iṣẹ́ lò, dákú ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé. Ìròyìn tí Google fúnra rẹ̀ gbé jáde sọ pé ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni kóòdù tuntun wọ Service Control, ètò tó ń yẹ àṣẹ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wò. Kóòdù náà kò ní flag, kò sì mọ ohun tí yóò ṣe bó bá pàdé àyè òfìfo. Ó sùn síbẹ̀ títí ìlànà kan tó ní àyè òfìfo fi wọlé ní ọjọ́ 12, tó tàn káàkiri ayé láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n ní bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi lè dí ọ̀nà náà, ó sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 kó tó dé ibi gbogbo. Ní us-central1, ọ̀kan lára agbègbè sáfà Google ní Amẹ́ríkà, ó pẹ́ tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 40, torí pé gbogbo sáfà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì rọ́ lu dátábéèsì kan náà. Ẹ̀kọ́ tí mo mú níbẹ̀ fún tiwa ni pé a kì í tan ohun tí a pa padà fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Ìdá 10, kí a wò ó, ìdá 50, kí a wò ó, kó tó pé.

Irinṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fún ikọ̀ kan ṣoṣo tí sáfà rẹ̀ kò pọ̀, tébù kan nínú dátábéèsì Postgres àti ojú ìwé kékeré kan tó ń kọ ẹni tó yí nǹkan padà sílẹ̀ ti tó. Bí ikọ̀ bá di mẹ́ta, ẹ lè gbé Unleash, Flagsmith tàbí GrowthBook sórí sáfà ara yín, kí ẹ má bàa máa san dọ́là lóṣooṣù. Ohunkóhun tí ẹ bá lò, ẹ jẹ́ kí kóòdù yín máa béèrè flag nípasẹ̀ OpenFeature, ìlànà àjùmọ̀lò fún bíbéèrè flag, tó wà lábẹ́ àjọ CNCF, kó lè jẹ́ pé bí ẹ bá pààrọ̀ irinṣẹ́, ibì kan ṣoṣo lẹ ó tún ṣe.

Yíyọ ọ́ kúrò

Flag tó ti wà ní ìdá 100 fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ẹ̀sùn ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ "bí" náà kúrò nínú kóòdù, ẹ yọ ọ̀nà àtijọ́ àti ìdánwò rẹ̀, ẹ gbé e gba dev àti staging dé production. Ẹ má tíì fọwọ́ kan flag lórí irinṣẹ́. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lóòjọ́. Ó gbọ́dọ̀ di òdo kí ẹ tó tì í. Bí kò bá di òdo, sáfà kan wà níbì kan tí kóòdù tuntun kò dé, kí ẹ wá a rí.

Ikọ̀ tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ yóò máa sún ọjọ́ yíyọ síwájú. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìlànà líle: bí ọjọ́ flag bá pé, CI yóò kìlọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà yóò kọ kóòdù ikọ̀ tó ni ín, ikọ̀ yẹn nìkan. Sísún ọjọ́ náà síwájú ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìdí tí a kọ sílẹ̀. Uber kọ irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Piranha, tí wọ́n sì fi fún gbogbo ayé ní 2020, tó ń fúnra rẹ̀ yọ kóòdù flag tó ti gbó. Ó wúlò níbi tí flag bá ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ṣùgbọ́n ènìyàn ṣì gbọ́dọ̀ ka ohun tó yọ.

Ti fóònù ló ń pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í gba ẹ̀dà tuntun torí owó dátà, àwọn kan sì ń lo fóònù tí àyè rẹ̀ ti kún. Ẹ̀dà oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ṣì ń béèrè flag tí a ti yọ nínú kóòdù tuntun. Bí a bá pa á rẹ́ lórí sáfà, ìdáhùn inú kóòdù ẹ̀dà yẹn, tó jẹ́ "pípa", ni yóò lò, oníbàárà yóò sì rí ojú ìwé àtijọ́ tí sáfà kò gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, flag áàpù fóònù ní ọjọ́ méjì nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀: ọjọ́ tí yóò kúrò nínú kóòdù, àti ẹ̀dà tó kéré jù tí sáfà ṣì ń gbà. Ìgbà tí ẹ̀dà tó mọ flag náà kẹ́yìn bá bọ́ sábẹ́ èyí tí a ń gbà ni a tó lè tì í, a ó sì fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ àwọn tí irinṣẹ́ kò ní gbà kí ikọ̀ kankan dá mọ́.